Ìpààrọ̀ kẹ̀kẹ́ onígbọ̀wọ́ nínú eré ìdárayá

Ìpààrọ̀ kẹ̀kẹ́ onígbọ̀wọ́ ni ìgbà tí eléré ìdárayá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́ bá fi kẹ̀kẹ́ ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ti ilé-iṣẹ́ mìíràn nítorí pé àdéhùn ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ ti yí padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn agunkẹ̀kẹ́ àti àwọn eléré triathlon, ìyẹn ìje alápá mẹ́ta nínú èyí tí eléré yóò ti lúwẹ̀ẹ́, tí yóò gun kẹ̀kẹ́, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ sáré láìsinmi láàárín wọn. Àwọn olólùfẹ́ eré náà sábà máa ń jiyàn lórí bóyá irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí eléré yára sí i tàbí kí ó fà sẹ́yìn. Ohun tí àkọsílẹ̀ àwọn ìdíje fi hàn ni pé orúkọ tó wà lára kẹ̀kẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí àbájáde padà. Ohun tó ń yí i padà ni bí ara eléré ṣe jókòó lórí kẹ̀kẹ́ náà, iye ọjọ́ tó ti fi gùn ún kí ìdíje tó dé, àti bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ wà tí yóò fún un ní kẹ̀kẹ́. Kókó ìkẹyìn yìí ló kan Nàìjíríà jù.

Ese Ukpeseraye ní Paris

Àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ilé jù lọ wáyé níbi Ìdíje Òlímpíìkì ti ọdún 2024 ní ìlú Paris. Ese Lovina Ukpeseraye, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kópa nínú ìje ojú pópó àwọn obìnrin ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó tún díje nínú sprint àti keirin, ìje méjì tí a máa ń ṣe nínú pápá kẹ̀kẹ́ abẹ́ òrùlé. Nínú sprint, agunkẹ̀kẹ́ méjì ló máa ń dojú kọ ara wọn. Nínú keirin, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan ló máa ń ṣáájú gbogbo wọn, tí yóò máa fi eré kún eré, títí tí yóò fi yà kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè sá àsápajúdé.

Ìṣòro tó bá Ukpeseraye ni pé kò ní kẹ̀kẹ́ tí a lè lò nínú pápá bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ojú ìwé rẹ̀ lórí X pé ìgbà tí àwọn gbọ́ pé òun yóò kópa nínú ìje méjèèjì ti súnmọ́ jù láti wá kẹ̀kẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ikọ̀ Jámánì tí wọ́n yá òun ní èyí tí òun gùn. Ìròyìn náà tàn ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà sì bínú sí i. Orílẹ̀-èdè náà ní pápá kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ní Àbújá, tí wọ́n kọ́ fún Eré Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 2003, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pápá, ọ̀tọ̀ ni kẹ̀kẹ́.

Ẹni tí kò mọ eré yìí lè béèrè ìdí tí kò fi lo kẹ̀kẹ́ tó fi ṣe ìje ojú pópó. Kẹ̀kẹ́ ojú pópó ní bíréèkì, ó sì ní jíà púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ inú pápá kò ní bíréèkì rárá, jíà kan ṣoṣo ló ní, wọ́n sì de jíà náà mọ́ wíìlì ẹ̀yìn débi pé níwọ̀n ìgbà tí wíìlì bá ń yí, pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀, bí a ti ń ṣe nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, yóò rí i pé kẹ̀kẹ́ náà yóò gbé ẹsẹ̀ òun lọ. Òfin kò gba kẹ̀kẹ́ ojú pópó láàyè nínú pápá, nítorí pé bí ẹnì kan bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kọlù ú.

Ukpeseraye kì í ṣe àlejò sí kẹ̀kẹ́ inú pápá, torí ó ti ń fi irú rẹ̀ díje ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú. Síbẹ̀, kò kọjá àwọn ìpele ìbẹ̀rẹ̀ nínú ìje méjèèjì. Nínú sprint kan náà, Lea Friedrich ti ikọ̀ Jámánì tó yá a ní kẹ̀kẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà, ikọ̀ náà sì gba bàbà nínú sprint alájùmọ̀ṣe àwọn obìnrin. Àwọn kan tọ́ka sí èyí láti sọ pé ẹsẹ̀ ló ń gba àmì ẹ̀yẹ, kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀n fún ara ẹlòmíràn, tí kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi mọ̀ ọ́n, kò tíì ní àǹfààní láti fi gbogbo agbára tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Àbájáde ọjọ́ náà kò lè sọ fún wa bí yóò ti ṣe tó bí ó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ló gùn.

Afẹ́fẹ́, ara àti irin

Kí a tó lè mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ tuntun lè ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń dí agunkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, bí ènìyàn bá ń lọ ní ìyára 40 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ìdènà afẹ́fẹ́ yìí, ara agunkẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fa nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin: èjìká, orí, àyà àti itan tó ń lọ sókè sódò. Kẹ̀kẹ́ ló ń fa ìyókù. Ìdí nìyí tí àwọn eléré triathlon fi máa ń tẹ̀ síwájú, tí wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ lé apá kẹ̀kẹ́, tí wọ́n á sì rẹ orí sílẹ̀.

Agbára tí a nílò láti la afẹ́fẹ́ kọjá a tún máa pọ̀ ju bí ìyára ti ń pọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìyára rẹ̀ di ìlọ́po méjì nílò agbára ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, èrè tí ó hàn gbangba nínú ìpolówó kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí kẹ̀kẹ́ tuntun bá dín gbogbo ìdènà afẹ́fẹ́ kù ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́, nǹkan bí ìdá 1 péré ni ìyára yóò fi lé sí i.

Apá kẹ̀kẹ́ nínú triathlon Òlímpíìkì jẹ́ 40 kìlómítà, èyí tí kò tó ìrìn-àjò láti Ijapo Estate ní Àkúrẹ́ dé ìlú Oǹdó. Fún ẹni tó bá fi wákàtí kan gùn ún, ìdá 1 yìí jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 36. Nínú ìje Ironman, tí apá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ 180 kìlómítà, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbéra láti Àkúrẹ́ tó sì ti ń wọ agbègbè Ìbàdàn, ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ gùn ún yóò jèrè nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀. Lójú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà, èyí kò jẹ́ nǹkan kan. Lójú eléré tó ń wá owó àti àmì ẹ̀yẹ, ó pọ̀. Ní Paris 2024, ìṣẹ́jú àáyá 6 ni Alex Yee ti Gẹ̀ẹ́sì fi ṣíwájú Hayden Wilde ti New Zealand nínú triathlon àwọn ọkùnrin. Ìdíje yìí náà ni Eloi Adjavon ti ṣojú orílẹ̀-èdè Tógò.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ìṣirò Ironman wọn ti Òlímpíìkì. Nínú triathlon Òlímpíìkì, òfin gba àwọn agunkẹ̀kẹ́ láàyè láti sá pamọ́ sẹ́yìn ara wọn, kí ẹni iwájú máa gba afẹ́fẹ́ fún wọn. Ẹni tó bá fara pamọ́ dáadáa kò nílò kẹ̀kẹ́ tó ń la afẹ́fẹ́ ju ti ẹnìkejì lọ. Nínú Ironman, èèwọ̀ ni èyí. Olúkúlùkù ló ń dá ru ẹrù afẹ́fẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn lórí kẹ̀kẹ́ onígbọ̀wọ́ ti máa ń gbóná jù.

Ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti pààrọ̀

Primož Roglič, ọmọ orílẹ̀-èdè Slovenia, ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù láti lóye nínú eré kẹ̀kẹ́ ojú pópó. Ó gba ìje Vuelta a España ní ọdún 2019 àti 2020 lórí kẹ̀kẹ́ Bianchi. Ní 2021, ikọ̀ rẹ̀ Jumbo-Visma bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ Cervélo, ó sì tún gba ìje náà. Ní 2024, ó ti wà nínú ikọ̀ mìíràn tó ń lo Specialized, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹnì kan ṣoṣo, ìje kan ṣoṣo, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. Èyí kò yà àwọn onímọ̀ lẹ́nu, nítorí pé òfin kan náà ló de gbogbo àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ìje: àjọ UCI, tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kò gbà kí kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 6.8 lọ, ó sì ní òfin lórí bí ìrísí rẹ̀ yóò ti rí. Ìyàtọ̀ tó kù láàárín àwọn tó wà lókè kéré.

Nínú triathlon, orúkọ tí wọ́n máa ń dá jù ni ti Jan Frodeno, ọmọ Jámánì tó gba góòlù ní Òlímpíìkì Beijing ní 2008. Ní 2014, lórí kẹ̀kẹ́ Specialized, ó ṣe ipò kẹta níbi ìdíje àgbáyé Ironman ní Kona, ní erékùṣù Hawaii. Ní 2015 ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ Canyon, ó sì gba ìdíje náà lọ́dún yẹn àti ní 2016. Ó rọrùn láti sọ pé Canyon ló sọ ọ́ di ọba. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé pé ní 2014 táyà rẹ̀ jò lójú ọ̀nà, àti pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Kona nìyẹn. Ó tún ti gbàgbé ọdún 2017, nígbà tí Frodeno wà lórí Canyon kan náà, tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbà tó ń fi ẹsẹ̀ sáré, tó sì fi ìrìn ẹsẹ̀ parí ìje náà lẹ́yìn ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Ní 2019 ó tún gbà á. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ ìdí fún ìṣẹ́gun, a jẹ́ pé òun náà ni ìdí fún ìfàsẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní 2017.

Gustav Iden láti Norway lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, níbi ìdíje àgbáyé Ironman 70.3 ní Nice, ní ilẹ̀ Faransé, òkè ńlá wà lójú ọ̀nà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń díje gun kẹ̀kẹ́ triathlon tí a ṣe fún lílà afẹ́fẹ́ kọjá. Iden gun kẹ̀kẹ́ ojú pópó lásán, ó sì gba ipò kìíní. Kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ kò já mọ́ nǹkan níbẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kẹ̀kẹ́ tó bá òkè àti kọ́nà mu.

Ẹ̀rí kan wà tó dojú kọ gbogbo èyí, kò sì yẹ kí a fò ó. Chris Boardman, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gun kìlómítà 56.375 láàárín wákàtí kan ní Manchester ní 1996, ó na apá síwájú gbọọrọ lórí kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni àjọ UCI sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ dán ìje wákàtí kan wò lo irú kẹ̀kẹ́ tí Eddy Merckx lò ní 1972. Ní ọdún 2000, ní pápá kan náà, Boardman gun 49.441 kìlómítà lórí irú kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí kìlómítà méje ló jábọ́. Lóòótọ́ ó ti dàgbà ní ọdún mẹ́rin, ó sì ń múra láti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin kì í jẹ kìlómítà méje. Ohun tó jábọ́ jù lọ ni ọ̀nà tó gbà jókòó. Láti Bianchi sí Cervélo, ara Roglič lè wà ní ipò kan náà. Láti kẹ̀kẹ́ 1996 sí ti ọdún 2000, ara Boardman kò lè wà bẹ́ẹ̀.

Bí ara ṣe ń mọ kẹ̀kẹ́

Ilé-iṣẹ́ méjì lè kọ nọ́ńbà 54 sára kẹ̀kẹ́ wọn, kí gígùn àti gíga méjèèjì má sì dọ́gba, nítorí pé olúkúlùkù ló ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fi wọn kẹ̀kẹ́. Bí eléré bá pààrọ̀ kẹ̀kẹ́, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ìjókòó, apá kẹ̀kẹ́ àti pẹ́dà tò títí tí wọn yóò fi bá ara rẹ̀ mu bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìjókòó tó fi díẹ̀ rẹlẹ̀ jù a máa mú kí orúnkún ká jù, kí ó sì máa dùn. Èyí tó ga jù a máa jẹ́ kí ìbàdí mì lọ sọ́tùn-ún sósì, tí ẹ̀yìn yóò sì máa san gbèsè rẹ̀. Àwọn tó ń wọn kẹ̀kẹ́ sábà máa ń fẹ́ kí orúnkún ṣì ká ní nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 35 nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Fún eléré triathlon, ọ̀rọ̀ náà le ju ti agunkẹ̀kẹ́ lásán lọ. Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni yóò fi ẹsẹ̀ sáré. Ipò tó mú kí ó yára lórí kẹ̀kẹ́ lè ká ìbàdí rẹ̀ jù, kí iṣan itan rẹ̀ ti rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì dá gbogbo èrè rẹ̀ padà nínú eré ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ tuntun wúlò gbọ́dọ̀ wo aago apá kẹ̀kẹ́ àti aago eré ẹsẹ̀ pọ̀, ní ojú ọ̀nà kan náà, kí ó sì wo bí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ti rí lọ́jọ́ méjèèjì.

Ìdí nìyí tí àkókò fi ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Àwọn ikọ̀ ńlá sábà máa ń pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ ní ìparí ọdún, nígbà tí ìdíje ti dáwọ́ dúró, kí eléré lè fi oṣù mélòó kan gun tuntun kí ìje àkọ́kọ́ tó dé. Roglič ní oṣù. Ukpeseraye ní ọjọ́. Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kí a fi ojú sí nígbà tí a bá ń fi ẹnì kan wé ẹnìkejì.

Bàtà Tobi Amusan

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ nínú eré ẹsẹ̀, ọmọ Yorùbá ló sì kàn. Oluwatobiloba Amusan, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1997, sá eré onídènà 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ó fi bẹ́ẹ̀ borí 12.20 tí Kendra Harrison ti sá ní 2016, ó sì di ẹni tó yára jù lọ lágbàáyé nínú eré náà. Ní àṣekágbá ó sá 12.06, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn tó ń tì í ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, a kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó yára jù.

Bàtà Adizero Avanti ló wọ̀, èyí tí Adidas ṣe fún eré ọ̀nà jíjìn bíi 5,000 àti 10,000 mítà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì nípọn ju ti bàtà eré kúkúrú lọ. Àwọn kan sọ pé bàtà ló sá eré náà. Amusan ṣàlàyé pé àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń dun òun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti pé òun ló béèrè lọ́wọ́ Adidas fún bàtà tó rọ̀ sí ẹsẹ̀. Bàtà náà bá òfin mu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ sáré lọ́jọ́ náà, nínú bàtà oríṣiríṣi, ló sáré ju bí wọ́n ti ṣe sá rí lọ. Kókó tó wà nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni pé onígbọ̀wọ́ Amusan kò yí padà. Ohun tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yí padà, ó sì yí padà nítorí ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́, kì í ṣe nítorí ìwé àdéhùn.

Owó, ìpèsè àti àdéhùn

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan ni onígbọ̀wọ́ máa ń kó wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá a máa san owó oṣù, wọn a pèsè ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, táyà àti ṣéènì àfipamọ́, wọn a sì sanwó kí eléré lè lọ sí ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ lù ú láti wo bí ó ti jókòó. Bí eléré bá yára sí i lẹ́yìn ìpààrọ̀, ó lè jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sùn láìronú owó ilé. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: àdéhùn lè fi dandan mú ẹnì kan gun ohun tí kò bá a lára mu. Àwọn kan nínú wọn a máa fi wíìlì ilé-iṣẹ́ mìíràn sára kẹ̀kẹ́ wọn, wọn a sì fi ọ̀dà dúdú pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí onígbọ̀wọ́ má bàa bínú.

Ní Nàìjíríà, ìṣòro náà kì í sábà jẹ́ ti yíyan èyí tó dára jù láàárín méjì. Ní 2019, àjọ eré sísá orílẹ̀-èdè náà, AFN, wọ àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Puma láti máa pèsè aṣọ àti bàtà fún àwọn eléré. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣàkóso eré lórí àdéhùn náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Òlímpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní Tokyo, Puma fòpin sí i. Ní Tokyo náà ni Chukwuebuka Enekwechi, tó ń ju irin róbótó, ti yege fún àṣekágbá, tó sì gbé fídíò kan jáde níbi tó ti ń fọ ẹ̀wù ìdíje kan ṣoṣo tó ní, kí ó lè tún un wọ̀. Ese Brume gba bàbà nínú fífò jìnnà ní ìdíje kan náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Ukpeseraye gun kẹ̀kẹ́ àyálò ní Paris.